Ajá Tó Ń Sá fún Ọwọ́

  

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má tíì yí rédíò rẹ̀ síbòmíì. Kì í ṣe ajá olówó ńlá tí wọ́n ń fi ṣéènì fà kiri GRA ni mò ń wí. Ajá ìgboro ni, àmúlùmálà tí a ò mọ ìyá rẹ̀ débi tá a máa mọ bàbá, tó jẹ́ pé béèyàn bá na ọwọ́ sí i báyìí, á ki ìrù sáàárín ẹsẹ̀, á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ta ajá á ní kúrọ́ọ̀sì ni, àwọn ará àdúgbò á ní Bíńgò ni, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni tó bá ti pẹ́ dalẹ́ rí ní Computer Village n'Ìkẹjà, ní òpópónà Ọ̀tìgbà, ní Ọlá Ayéni tàbí ní Pepple, á mọ irú ajá tí mò ń sọ. Lọ́sàn-án, ẹ ò ní rí wọn. Èrò á pọ̀, àwọn tó ń fa oníbàárà á máa pariwo, jẹnẹrétọ̀ á máa dún lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí ìyá olóúnjẹ ti da ìṣẹ́kù nù, tó ku àwọn mẹ́gáàdì nìkan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde níkọ̀ọ̀kan láti abẹ́ tábìlì àti ẹ̀yìn páálí. Etí ọ̀kan á dúró ṣánṣán, ti òmíì á wọ́ sílẹ̀. Ìrù èyí á ká sẹ́yìn bíi ti ajá ìbílẹ̀, irun ọrùn rẹ̀ á sì gùn débi pé ẹ máa mọ̀ pé ajá òyìnbó kan ti gba ibẹ̀ kọjá.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ lọ sílé. Inú mi dùn sí i. Ohun kan péré ló ń kọ mí lóminú. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sóhun tí wọn ò lè tún ṣe ní Computer Village. Fóònù tó jábọ́ sómi, wọ́n á tú u, wọ́n á gbẹ ẹ́. Èyí tó bá dákú pátápátá, wọ́n á fílááṣì rẹ̀, gbogbo ohun tó ti wà nínú rẹ̀ á pa rẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo ajá tí wọ́n gbà. Wọ́n rò pé tó bá ti wẹ̀, tó ti jẹun, tó ti ní bẹ́líìtì lọ́rùn, ó yẹ kó ti gbàgbé gbogbo ohun tójú rẹ̀ ti rí. Ajá ò ṣé e fílááṣì, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé tó ń bọ̀ wá gbé ló ṣé e tún ṣe. Ìró inú ilé náà, ọwọ́ àwọn tó ń gbébẹ̀, àti sùúrù ẹni tó mú un wá, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Arákùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tìgbà gba ọ̀kan báyìí. Ó fún mi láyè kí n sọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Abo ni ajá náà, pupa rúsúrúsú, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì funfun. Abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń di ọjà sí páálí ló máa ń sùn. Ohun tó kọ́kọ́ pàfiyèsí arákùnrin yìí ni pé bí wọ́n bá ti fa sẹ́lótéèpù báyìí, fàààrà, ajá á fò sókè, á sì sá gba ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù ò bà á lẹ́rù, àmọ́ ìró téèpù ń já a láyà. Kí ni wọ́n ti fi téèpù ṣe fún un rí? Kò lẹ́nu tó máa fi rojọ́. Nígbà tí arákùnrin náà mú un dé ilé rẹ̀ ní Agége, ó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Irú orúkọ tí àwọn bàbá wa máa ń sọ ajá nìyẹn, orúkọ tó jẹ́ pé béèyàn bá ti ń pe ajá, ó ti ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Kí ló ń jẹ́ kí ajá kan máa yan fanda, tí òmíì sì ń gbọ̀n tó bá rí ìgbálẹ̀? Lọ́dún 1965, àwọn onímọ̀ méjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi ń ṣàkíyèsí àwọn ọmọ ajá ní ìlú Bar Harbor. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kejìlá tí wọ́n bí ajá ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù lọ fún ayé. Ẹni tàbí ohun tó bá bá pàdé nírọ̀rùn lásìkò yẹn, á gbà pé ará ilé ni. Èyí tí kò bá bá pàdé, á máa fura sí i. Ọmọ ajá tí wọ́n bí sẹ́yìn pílásà, tó jẹ́ pé òkò àti omi gbígbóná ló mọ̀ mọ́ ọwọ́ èèyàn kó tó pé oṣù mẹ́ta, ṣé ẹ wá rí i pé kò ṣàṣejù tó bá ń sá fún ọwọ́ yín? Ẹ̀kọ́ tí ìgboro kọ́ ọ ló ń lò.

Ọ̀rọ̀ etí tún wà níbẹ̀. Ìró tó bá ga ju ìgbì 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ. Ti ajá ń lọ dé nǹkan bí 45,000. Ilé tẹ́ ẹ rò pé ó pa rọ́rọ́, ó ṣeé ṣe kí ariwo kún un létí ajá.

A máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Orí kunkun la fi ń bú ẹni tá a bá pa òwe yẹn fún. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó ń dóòlà ajá léèrè, wọ́n á sọ fún yín pé jìnnìjìnnì ló ń mú kí ajá sọnù. Tí ẹ̀rù bá ti bo ajá, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kò gbọ́ fèrè, kò gbọ́ orúkọ, kò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí géètì ilé yín fi gbọ́dọ̀ wà ní títì pa láwọn ọjọ́ tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí okùn ọrùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ba ọrùn mu dáadáa kó má lè bọ́.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìdí ọ̀rọ̀ àmúlùmálà wò, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn pé àwọn ò lè gbé ajá tí ò ní ìran sílé, pé Boerboel tàbí Rottweiler làwọn fẹ́ kí olè lè bẹ̀rù. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ni ajá tó lé ní 18,000, wọ́n sì yẹ àbùdá ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ nínú wọn wò fínnífínní. Nínú gbogbo ohun tó ń mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìdá mẹ́sàn-án péré nínú ọgọ́rùn-ún ni irú ìran tí ajá ti wá lè ṣàlàyé. Ajá kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Ẹni tó bá sanwó gọbọi nítorí orúkọ ìran, orúkọ ló rà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ajá ilẹ̀ wa ò já mọ́ nǹkan kan. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018, tí wọ́n ti yẹ àbùdá àwọn ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà wò, rí àmì pé ara wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá kòkòrò àìsàn ilẹ̀ olóoru jà. Ẹ̀yin ọmọ Computer Village tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìmọ̀ ẹ̀rọ, ajá àmúlùmálà ló kọ́kọ́ yí ayé po nínú òfuurufú. Laika lorúkọ rẹ̀. Ojú títì ìlú Moscow ni wọ́n ti kó o, nítorí àwọn ará Rọ́ṣíà gbà pé ajá tó ti fara da òtútù àti ebi nígboro ló lè fara da ìrìn àjò náà. Wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1957. Wọn ò ṣètò kankan fún bó ṣe máa padà, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Ó gbẹ́kẹ̀ lé wọn, wọ́n sì lò ó. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ká fọkàn tán ajá pé ó lágbára kò nira, ká jẹ́ ẹni tí ajá lè fọkàn tán ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wọlé wàyí. Àwọn tó ń gba ajá sílẹ̀ káàkiri àgbáyé ní òṣùwọ̀n kan tó rọrùn láti rántí: ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú ajá ò tíì wálẹ̀. Ó lè má jẹun, ó lè má jáde níbi tó sá sí. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí oúnjẹ ń dé àti ẹni tó ń wọlé. Oṣù mẹ́ta ló sábà máa ń gbà kó tó gbà pé ilé òun nìyí. Ti ajá ojo lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n lásán ni, kò sí ajá tó ń wo kàlẹ́ńdà.

Tanímọ̀la dé Agége, ó kọrí sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó kọ̀, kò jáde. Ohun tí arákùnrin wa ṣe ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn bá lọ. Kò fà á jáde. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì tó mọ́ síbẹ̀, ó gbé omi sítòsí, ó wá jókòó sílẹ̀ lápá kejì yàrá, ó kẹ̀yìn sí ajá, ó ń tẹ fóònù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á ju ẹja gbígbẹ díẹ̀ sẹ́yìn láìwo ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Bàbá Àyọ̀, ṣé ẹ̀yin àti ajá ń jà ni?” Ó ní àwọn ò jà, àwọn ń mọ ara àwọn ni. Díẹ̀díẹ̀, ẹja tó ń jù ń sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ èémí gbígbóná ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò yíjú padà. Ó jẹ́ kí ajá gbóòórùn rẹ̀ tó, kó sì padà sáyè rẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Láàárín àwa èèyàn, béèyàn bá kọ ẹ̀yìn sí wa, àrífín ni. Lójú ajá tí ẹ̀rù ń bà, ẹni tó tẹjú mọ́ ọn, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, tó na ọwọ́ látòkè, ìjà ló bá wá. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sí i. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé òun ló máa wá. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì máa fọwọ́ kàn án, àyà tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi orí sílẹ̀.

Ẹ kọ́ èdè ara rẹ̀ náà. Ajá tó ń yán láìjẹ́ pé oorun ń kùn ún, tó ń lá ètè láìrí oúnjẹ, tó dẹ etí sẹ́yìn, tí funfun ojú rẹ̀ hàn gbangba, ó ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn ni. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, á kùn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ẹ má ṣe lu ajá nítorí pé ó kùn. Ìkìlọ̀ ni. Ajá tí wọ́n bá lù títí tí kò fi kùn mọ́ kò tíì di ọmọlúàbí, á kàn máa bu èèyàn jẹ láìkìlọ̀ ni. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ pé eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré náà ló fi ń bu ni jẹ. Nítorí náà, ẹ má fi ọmọdé àti ajá tuntun sílẹ̀ pọ̀ láìsí àgbàlagbà níbẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ́ ọmọ pé tí ajá bá ń jẹun tàbí tó ń sùn, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ilé olójúlé mẹ́jọ lẹ̀ ń gbé, tí gbogbo yín jọ ń lo báluwẹ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ bá láńlọ́ọ̀dù àti àwọn alájọgbé sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì, ẹ̀sìn rẹ̀ ò jẹ́ kó fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ rẹ̀. Kò tàbùkù ajá, ẹ̀sìn rẹ̀ ni, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ wá àyè tí ajá máa wà tí kò fi ní dí wọn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má so ajá ojo mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ṣéènì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ajá tí ò ní ibi tó lè sá sí, tí gbogbo ayé sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ìjà nìkan ló kù fún un.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló kàn, mi ò sì ní fi ṣeré. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ pa ajá ìgboro lórí, ẹ pe dókítà ẹranko. Dìgbòlugi ṣì ń pa èèyàn. Nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún lágbàáyé, ajá ló sì ń kó o ran ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwòsàn mọ́. Àmọ́ ó ní àjẹsára, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in: oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti lò ó fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ nílẹ̀ Faransé, ọmọ náà ò sì kú. Èyí tí wọ́n ń gún fún ajá, wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí, ní ilé ìwádìí àìsàn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1924. Láti oṣù mẹ́ta ni ajá ti lè gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣe é fún un bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀.

Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, yálà tiyín tàbí ti ẹlòmíì, ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi irun ajá sí i. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Lẹ́yìn náà, ó di ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Computer Village, ilé ìwòsàn LASUTH ò jìnnà sí yín.

Ní ti oúnjẹ, àṣẹ́kù ọbẹ̀ tá a máa ń dà fún ajá ń pa á lára. Àlùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tó ti jiná máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún un nífun. Ẹ se ìrẹsì pẹ̀lú ẹja tàbí ẹ̀dọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, láìsí magí. Ẹ bi dókítà léèrè oògùn eégbọn àti ti aràn pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kó máa bímọ kiri àdúgbò, dókítà lè tẹ akọ lọ́dàá, ó sì lè ṣiṣẹ́ abẹ fún abo.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń fìyà jẹ ajá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, kì í ṣe àìláàánú lásán. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà, ní abala 495, ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni àádọ́ta náírà. Ẹ rò ó wò, àádọ́ta náírà, tí ò lè ra súwẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lónìí. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa tún abala yẹn wò.

Ẹ ó máa retí kí n sọ pé Tanímọ̀la ti yí padà pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di àkókò yìí, tí wọ́n bá fa téèpù, á sá. Ohun tó yí padà ni pé wọn kì í fa téèpù nílé yẹn mọ́. Okùn ni wọ́n fi ń di ẹrù. Tí oṣù Kejìlá bá dé, tí àwọn ọmọ bá ń yin bánńgà, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á tan rédíò díẹ̀, wọ́n á gbé àpò ìrẹsì rẹ̀ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnì kan á sì jókòó tì í. Ó ń jẹun lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ó ń gbó tí àlejò bá kan géètì. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ní ilé la máa tún ṣe.

Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún ìdájí, tó ń wọlé láago mọ́kànlá alẹ́, tí kò sì sí ẹlòmíì nílé, kó má gba ajá ojo. Ẹni tó fẹ́ ajá tó máa lé olè lọ́la, kó má gbà á. Ẹni tó láyè, tó ní sùúrù, tí ará ilé rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń dóòlà ẹranko nílùú Èkó, irú bíi St. Mark's Animal Rescue Foundation, kó béèrè ìwà ajá kó tó béèrè àwọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ò bá lè gba ajá sílé ńkọ́? Iṣẹ́ wà fún un. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé tí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ajá àdúgbò kan bá ti gba àjẹsára, dìgbòlugi ò ní ríbi gbà mọ́. Gbogbo pílásà ní Computer Village ló ń dáwó mẹ́gáàdì, wọ́n ń dáwó ilẹ̀ gbígbá. Ẹ̀yin alága pílásà, ẹ dá owó abẹ́rẹ́ ajá mọ́ ọn. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ pe dókítà ẹranko kan wá sí Ọ̀tìgbà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọjà ò pọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mẹ́gáàdì tó ń fún àwọn ajá lóúnjẹ bá a mú wọn, nítorí òun ni wọ́n mọ̀.